Àwọn Ṣọ́jà Ló Máa Ń Kọ́kọ́ Dé Orí Rédíò

Ìgbà mẹ́ta ni mo múra láti kọrin níwájú èrò nílùú Igbó-Ọrà, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni àwọn ṣọ́jà sì dé orí rédíò kí n tó dé orí pèpéle. Mi ò sọ pé èmi ni mò ń lé ìjọba lọ o. Àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ wà ládùúgbò wa, wọ́n sì sọ ọ́ lójú mi. Ẹnì kan tilẹ̀ bẹ̀ mí pé bí ìjọba kan bá tún ń ni wá lára, kí n ṣàánú ìlú, kí n gbé gìtá. Ẹ bá mi gbọ́! Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, ojú mi sì rí tó.

Nígbà àkọ́kọ́, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mọ́dà ni mí, lásìkò tí gbogbo ilẹ̀ wa ń jó nítorí ìbò. Wọ́n ń da bẹntiróò sára ilé, wọ́n ń da á sára èèyàn pẹ̀lú. Tíṣà wa ní kí a ṣe kọ́ńsáàtì kí ọkàn àwọn òbí lè balẹ̀. Ọgbọ́n tíṣà nìyẹn: ilé ń jó, ẹ wá gbọ́ orin. Èmi ni wọ́n yàn pé kí n máa dá orin. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni ìròyìn dé pé ṣọ́jà ti gba ìjọba. Tíṣà kó wa jọ, ó ní ká máa lọ sílé, ká má sì kọ orin kankan lójú ọ̀nà, kí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú kan má baà rò pé orin ẹgbẹ́ kejì là ń kọ. Mo sunkún dé ilé. Ìyá mi rò pé wọ́n nà mí ni.

Ẹ má wò mí bí ẹni tí orin kàn ń gùn lásán. Akólòlò ni mí, kì í sì í ṣe akólòlò kékeré. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí yín pé ẹ káàárọ̀, ó lè di ọ̀sán kí n tó parí ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń kọrin, kò sí ohun tó ń dá ọ̀rọ̀ dúró lẹ́nu mi. Mi ò mọ ìdí ẹ̀. Ìyá mi ní ọ̀rọ̀ ló ní ìlẹ̀kùn, orin ò ní. Nígbà tó di pé kí n kọ́ṣẹ́, wọ́n wá iṣẹ́ tí kò gba ẹnu fún mi, wọ́n rán mi lọ sí Ìbàdàn láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún rédíò ṣe. Ẹ ò rí nǹkan? Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ ni wọ́n ní kó máa tún ohun tó ń sọ̀rọ̀ ṣe.

Ní Ìbàdàn ni mo ti bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin kan pàdé tí wọ́n ní ẹgbẹ́ olórin. Orin rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń kọ, gìtá oníná ni wọ́n ń ta. Irun wọn kún bo etí, ṣòkòtò wọn ń gbálẹ̀, bàtà gogoro tí wọ́n ń wọ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n lè sáré bí òjò bá ń bọ̀. Èmi ni mò ń tún ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá wọn sókè ṣe. Lọ́jọ́ kan wọ́n gbọ́ tí mò ń kọrin nídìí iṣẹ́, ẹnu yà wọ́n, wọ́n ní kí n máa bá àwọn dá orin kan. Mo ní Igbó-Ọrà la ó ti kọ́kọ́ ṣe é. Wọ́n gbà. A lẹ bébà mọ́ gbogbo ògiri ọjà. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn ṣọ́jà yọ olórí wọn nípò nígbà tó lọ sí ìpàdé nílẹ̀ òkèèrè. Ṣọ́jà kún ojú ọ̀nà Ìbàdàn, àwọn ọ̀rẹ́ mi ò sì lè kọjá. Irun orí wọn nìkan ti tó ẹ̀sùn. Bébà wa wà lára ògiri títí òjò fi fọ̀ ọ́ dànù. Ewúrẹ́ jẹ ìyókù.

Mo parí iṣẹ́ kíkọ́, mo padà wá ṣí ṣọ́ọ̀bù rédíò tèmi ní Igbó-Ọrà. Ọdún yẹn kò tíì parí tí nọ́ọ̀sì kan fi dé sí ilé ìwòsàn wa. Ará Ìjẹ̀bú ni, ó gbọ́n, ó sì lẹ́nu. Kò ju oṣù kan lọ tó fi kọ́ láti máa mú aṣọ méjì tí wọ́n fi ń wé ọmọ tuntun dání nígbàkígbà tí wọ́n bá pè é síbi ìrọbí. Ní Igbó-Ọrà, ìlú ìbejì, ẹni tó bá mú ẹyọ kan lọ ń wá wàhálà fún ara rẹ̀ ni. Rédíò ló gbé e dé ọ̀dọ̀ mi. Mo tún un ṣe. Ó tún bàjẹ́, mo tún un ṣe. Nígbà kẹta, mo tú u palẹ̀, mi ò rí nǹkan kan tó ṣe é. Mo wo ojú rẹ̀. Ó wo ojú mi, ó ní, "Ẹ tún un wò dáadáa, Bọ̀ọ̀dá. Mo ráyè." Inú mi dùn débi pé mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Àfi bí ẹni pé mo máa ń rí i sọ tẹ́lẹ̀!

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó máa ń yà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Òun ló máa ń sọ̀rọ̀. Bí mo bá fẹ́ dáhùn, ó máa ń dúró dè mí, kì í wo ibòmíràn, kì í sì í kán mi lójú. Èèyàn bíi mẹ́ta péré ló ti dúró dè mí bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, ọ̀kan nínú wọn sì ni ìyá mi.

Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò kọ lẹ́tà sí i. Ta ni kò kọ lẹ́tà sí i? Ìwé pẹlẹbẹ kan wà lọ́jà nígbà náà tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà ìfẹ́, gbogbo àpọ́n Ìbàràpá ló sì ní in. Lọ́jọ́ kan nọ́ọ̀sì kó lẹ́tà mọ́kànlá wá fi hàn mí: ti tíṣà, ti akọ̀wé, ti awakọ̀, ti ẹnì kan láti Igangan lọ́hùn-ún. Gbogbo wọn ló rí i lójú àlá, àlá kan náà ni gbogbo wọn sì lá, kò sí èyí tó yàtọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́tà tèmi wà nínú àpò mi lọ́jọ́ náà, àlá náà sì wà níbẹ̀. Mo fi dáná nígbà tí mo délé.

Àǹtí mi ní òun yóò ṣe alárenà. Nọ́ọ̀sì gbọ́, ó ní òun kì í ṣe iṣu tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ aláròóbọ̀. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ òun ní ẹnu, kó fi sọ ọ́.

Nígbà tó di oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, ìwé dé pé wọ́n ń gbé e lọ sí Ìjẹ̀bú. Bàbá rẹ̀ ló wà nídìí ẹ̀. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí àwọn ẹbí rẹ̀ ti ń bá a tọrọ nọ́ọ̀sì, wọ́n sì ń retí ìdáhùn. Àbúrò bàbá rẹ̀ ni yóò wá fi mọ́tò gbé e ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó jókòó sórí àpótí ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, bí mo bá délé, bàbá mi á bi mí bóyá ẹnì kan wà. Mi ò lè sọ fún wọn pé ẹnì kan wà tí kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́ o."

Mo ní, "Sá-sá-sá..."

Ó dúró.

Mo ní, "Sátidé."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa, òun á wá.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Ìbàdàn ti fún mi ní Sátidé tó ṣáájú ọjọ́ Ajé yẹn, ní agogo mẹ́rin ọ̀sán, ní gbọ̀ngàn ìlú. Mo ti kọ orin mi sílẹ̀, ẹsẹ mẹ́ta. Ẹsẹ kìíní kí i, ẹsẹ kejì yìn ín, ní ẹsẹ kẹta ni màá ti bi í lójú gbogbo ayé bóyá yóò fẹ́ mi. A ti dán an wò nígbà mẹ́rin ní Ìbàdàn, mi ò sì kólòlò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó ń ta gìtá ńlá ní bí nọ́ọ̀sì ò bá gbà, òun á gbà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ilé Bàbá Olóyè ni mo wà. Òun ni olórí àdúgbò wa, ọwọ́ rẹ̀ sì ni kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn ìlú wà. Rédíò onígi ńlá kan tó ní ti yadi láti bí oṣù mẹ́fà, mo sì ti ṣèlérí pé rédíò náà á sọ̀rọ̀ kí a tó wọ gbọ̀ngàn. Ọ̀nà tí mo fẹ́ gbà dúpẹ́ nìyẹn. Mo jókòó tì í láti ìdájí. Mo fi òjé lẹ wáyà méjì pọ̀, mo pààrọ̀ bátìrì, mo yí i. Ó tan. Orin àwọn ológun ló kọ́kọ́ jáde níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ohùn ṣọ́jà kan sọ pé àwọn ti gba ìjọba, kí gbogbo èèyàn wà nínú ilé láti agogo mẹ́fà àárọ̀ títí di agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́.

Bàbá Olóyè wo oòrùn, ó wo ọkọ́ rẹ̀ tó gbé ti ògiri. "Ṣé òru ni wọ́n fẹ́ ká máa fi roko ni?" Èmi ló bi, àfi bí ẹni pé èmi ni mo sọ ọ́.

Ká sọ òótọ́, èmi náà ni mo sọ ọ́. Ká ní oníṣẹ́ burúkú bíi ti àwọn ẹgbẹ́ mi ni mí ni, rédíò yẹn ì bá yadi títí di ọjọ́ Ajé, bàbá ì bá má gbọ́ nǹkan kan, ǹ bá sì ti kọrin mi tán. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é. Mo sì ṣe é dáadáa, ohùn rẹ̀ dé ẹ̀yìnkùlé.

Kí ilẹ̀ tó ṣú wọ́n ti lé àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà kúrò lórí rédíò, a rò pé ó ti parí. Àṣé wọ́n ti pa olórí ìjọba nínú mọ́tò rẹ̀ l'Ékòó. Bí ìròyìn náà ṣe ń jò wọ ìlú, àwọn èèyàn ń sunkún, èmi náà sunkún, nítorí ọ̀pọ̀ wa ló fẹ́ràn rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo rántí orin mi, ojú sì tì mí pé mo tètè rántí rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní Sátidé, ọ̀nà ṣí. Àwọn ọ̀rẹ́ mi dé kí ó tó di agogo méjìlá nínú bọ́ọ̀sì kékeré kan, pẹ̀lú gìtá wọn àti ẹ̀rọ iná. A bá gbọ̀ngàn ní títì pa. A gba ilé Bàbá Olóyè lọ, gbogbo wa dọ̀bálẹ̀. Bàtà gogoro ò jẹ́ kí ìdọ̀bálẹ̀ náà dùn ún wò.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn la wá gbà," ni ọ̀gá ẹgbẹ́ olórin wí.

"Kò sí ìlù lónìí. Kò sí orin."

"Kí ló dé, Bàbá?"

"Kò sí ohun tó dé."

"Ṣé nítorí olórí ìjọba tó kú ni?"

Bàbá Olóyè dìde fùú. "Ta ló kú? Ẹ mọ́ ẹnu yín o, ẹ̀yin ọmọ yìí! Ṣé ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ?"

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ yé mi, orí mi sì wú. Nílẹ̀ wa, ọba kì í kú. Bó bá tilẹ̀ wàjà, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ títí ààfin yóò fi kéde. Kí wọ́n tó kéde, ìlù á dákẹ́, ọjà á dákẹ́, bí àlejò bá sì béèrè pé kí ló dé, a ó ní kò sí ohun tó dé. Bàbá Olóyè ti jókòó lóun nìkan láti àná, ó ti rò ó títí, ó ti fi olórí àwọn ṣọ́jà sípò ọba. Kò sí ẹni tó rán an. Kò sí ìjọba kankan tí wọ́n ti ṣe irú ẹ̀yẹ bẹ́ẹ̀ fún rí ní Ìbàràpá, orí mi ni wọ́n sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀gá ẹgbẹ́ olórin rò pé ọtí ni bàbá ń wá. Wọ́n gbé ọtí kalẹ̀. Bàbá ní òun ò mu. Wọ́n ní rédíò ilẹ̀ òkèèrè ti sọ ọ̀rọ̀ náà fún gbogbo ayé.

"Rédíò kì í ṣe ará ààfin," ni bàbá wí. "Àná ló ní kí n máa fi òru roko. Ṣé gbogbo ohun tó bá ti sọ ni kí n máa gbà?"

Ọ̀gá ẹgbẹ́ olórin fa ìgò ọtí náà padà sẹ́yìn.

"Ìgbà wo ni ká wá padà wá, Bàbá?"

Bàbá fi sùúrù kà á fún wa. Ààfin á kéde. Wọ́n á yan tuntun. Tuntun á wọ ìpèbí, á lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀, wọ́n á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jọba, bí wọ́n ṣe ń jókòó àti bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Bó bá jáde, kí a wá, kí a ta gìtá wa títí ilẹ̀ á fi mọ́. Oṣù mẹ́ta! Ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń gbé nọ́ọ̀sì lọ.

Mo tún dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo fẹ́ sọ fún un pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ijó, pé ọ̀rọ̀ ayé mi ni, pé bí mi ò bá kọ orin yìí lónìí wọ́n á fi obìnrin kan fún ẹlòmíràn. "Bà-bà-bà..." ni mo ń wí. Bàbá gbé mi dìde. Àánú mi ṣe é lóòótọ́, mo rí i lójú rẹ̀.

"Ṣe pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Bó pẹ́, bó yá, akólòlò á pe baba."

Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yẹn, bí mo bá rí i, màá gbá a létí. Àwọn tí ahọ́n wọn mọ́ ló máa ń pa á fún wa.

Ọ̀gá ẹgbẹ́ olórin ní ká gbìyànjú Èrúwà. A wa bọ́ọ̀sì débẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé tó ní gbọ̀ngàn níbẹ̀, ọkùnrin tó ka ìwé púpọ̀, ní òun ò gba ọ̀rọ̀ ọba tó wàjà gbọ́, ọ̀làjú ti dé. Ṣùgbọ́n ó ní bí àwọn ará ìta bá gbọ́ gìtá lónìí, wọ́n á ní òun ń yọ̀, bí wọ́n bá sì ní òun ń yọ̀, wọ́n á ní òun mọ̀ nípa ẹ̀. Ọ̀làjú àti àṣà, ẹnu wọn kò lórí kọ́kọ́rọ́.

Nígbà tí a padà dé, agogo mẹ́rin ti lù. Nọ́ọ̀sì ti jókòó síwájú gbọ̀ngàn tó wà ní títì. Ó wọ aṣọ tó dára, ó gbé àga tirẹ̀ wá láti ilé kó lè rí ibi iwájú jókòó sí. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Ó ní, "Wọ́n ní kò sí mọ́." Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Kò burú," ó ní. "Ọjọ́ Ajé kò tíì dé." Mo bá a gbé àga rẹ̀ délé. Inú bí mi lójú ọ̀nà débi pé mo fẹ́ sunkún. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti padà sí Ìbàdàn.

Ní ọjọ́ Àìkú, mo sáré tọ Bàbá Olóyè lọ. Rédíò ìjọba ti kéde lálẹ́ àná, wọ́n sì ti yan olórí tuntun. Mo rò pé bí bàbá bá ti yọ̀ǹda pé kí orin máa lọ, màá lọ dá a fún nọ́ọ̀sì lẹ́nu lásán. Bàbá ti gbọ́. Ó ń rìn káàkiri àgbàlá.

"Ọjọ́ kan?" ó ní. "Ọjọ́ kan ṣoṣo? Wọn ò mú un wọ ìpèbí?"

Mo mi orí pé wọn ò mú un.

"Ẹ ò wá rí i pé ìdí nìyí tí wọn kì í fi í pẹ́ lórí oyè!"

Ẹ̀rín pa mí, Ọlọ́run má jẹ́ kí n ṣẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín nínú ìbànújẹ́ mi. Bàbá ní òfin orin ṣì dúró, pàápàá báyìí.

Mo ní màá rú òfin ọ̀hún. Mo gba ilé nọ́ọ̀sì lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo ti pinnu pé màá dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá kọ ẹsẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wẹ́rẹ́. Mo bá ilé kún fọ́fọ́. Àwọn ìyálọ́mọ tó ti gbẹ̀bí fún ló wá kí i pé ó dìgbà, oníkálukú pẹ̀lú ìbejì rẹ̀. Bí ọ̀kan bá bú sẹ́kún, èkejì rẹ̀ á gbè é, àwọn tó kù á dá wọn lóhùn. Mo la ẹnu, mo dá ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Ìyá ìbejì kan fi ọwọ́ bo ẹnu mi: "Ẹ̀yin Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ ò mọ̀ pé wọ́n ní ká má kọrin ni?" Nọ́ọ̀sì wà ní òdìkejì yàrá pẹ̀lú ọmọ méjì lápá. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn, mo mọ̀ pé ó gbọ́, nítorí ó tẹjú mọ́ mi títí mo fi jáde.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mọ́tò àbúrò bàbá rẹ̀ ti ń kùn níwájú ilé ìwòsàn. Ẹrù ti wọlé tán. Nọ́ọ̀sì rí mi, ó sọ̀ kalẹ̀, ó wá dúró níwájú mi, ó káwọ́ sẹ́yìn, àfi bí ẹni tí kò ní ibi tó ń lọ.

Mo ní, "Mo f-f-f..."

Ó dúró.

"Mo fẹ́... mo fẹ́..."

Ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi. Mo mọ̀ ọ́n bó bá ń bọ̀. Ó kù bíńtín.

Àwọn onínúure ní ohun kan tí wọ́n máa ń ṣe fún akólòlò. Wọ́n máa ń bá a parí ọ̀rọ̀. Onínúure sì ni àbúrò bàbá rẹ̀. Ó yọrí ní fèrèsé mọ́tò, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "O fẹ́ kí i pé ó dàbọ̀ ni, àbí? O káre, ọmọ mi. O ṣeun."

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Láti kékeré ni wọ́n ti ń bá mi parí ọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá sọ ọ́, èmi a gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ, nítorí mo fẹ́ kó tán. Orí mi ti mi kí n tó mọ̀. Nọ́ọ̀sì ṣì dúró. Ó dúró tó ìgbà tí èèyàn lè ka ení dé ogún. Ó wá ní, "Ó dàbọ̀, Bọ̀ọ̀dá," ó sì wọ mọ́tò.

Eruku wọn kò tíì balẹ̀ tí mo fi sọ ọ́. "Mo fẹ́ kí o wá jẹ́ ìyàwó mi." Ó jáde geere, kò kọ́ níbì kankan. Obìnrin kan tó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́bàá ọ̀nà gbé ojú sókè, ó bi mí pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀.